Kí O Tó Dìde

Ìwọ tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé
ní ilé ìwòsàn orí òkè, ní Swansea, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
tó ká apá aṣọ sókè, tí kò fẹ́ wo abẹ́rẹ́,
o ò bi mí ní nǹkan kan.
Mo kàn rí orúkọ lára káàdì rẹ ni: Adégbenró.
Èmi ni Ìbídùn. Ọdún kẹsàn-án mi rèé.

Oògùn náà pọ́n bí ìyeyè tó já bọ́ lẹ́yìn òjò.
Ó kéré; má fojú kékeré wò ó.
Òun ló pa àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú ògiri mi lẹ́nu mọ́,
ṣùgbọ́n àlejò tó bá ọ lé olè
náà ń jẹun nínú ilé rẹ.
O ní láti mọ ohun tó ń jẹ.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀,
lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni tìrẹ báyìí, lóṣooṣù ni tèmi:
àwọn ọmọ ogun funfun inú rẹ̀ ni wọ́n ń kà.
Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn ọ́, bí ara bá gbóná,
má sọ pé òtútù Wales ni.
Pè wọ́n lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ náà ni mo wí.

Mo ṣubú rí láàárín ibùsùn àti ilé ìwẹ̀,
ife tíì fọ́, eyín iwájú kan bá a lọ.
Láti ìgbà náà, etí ibùsùn ni mo ń kọ́kọ́ jókòó sí,
mo ń kà bí ìyá mi àgbà ṣe ń ka obì:
ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀rìnlá,
kí n tó dé ibi tí èdè wa ti ń ṣírò ohun tó kù.
Ó ku márùn-ún kó pé ogún. Ó ku mẹ́rin. Ó ku mẹ́ta.
Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn.
Kò sí ẹni tó ń pe mẹ́tàdínlógún ní wèrè.
Ó kàn ku díẹ̀ kó pé ni.

Mo rí bí tábà ti kun ìka rẹ. N ò bá ọ jà.
Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ jáwọ́, kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì Bronwen.
Èéfín a máa gbá oògùn yìí kúrò lára bí ìgbálẹ̀;
èmi sọ ìgbálẹ̀ nù lójijì lọ́dún tuntun, n ò wí fún ẹnì kan,
oògùn kún inú mi dé ọrùn,
mo sùn nínú bọ́ọ̀sì kọjá ilé, ó di Mumbles,
itọ́ ń ṣàn sí ọrùn kóòtù, òkun ń wò mí.

Èyí tó kàn, ojú ń tì mí,
ojú tó ń tini ti pa ẹlòmíràn:
ìgbẹ́ ni. Bí kò bá jáde, tí ikùn le bí ìlẹ̀kùn,
má dúró de Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Pariwo.

Ẹ̀gbọ́n mi fi àgbo ránṣẹ́ láti Ìlá.
Mo gbé e tọ Gethin apòògùn lọ; ó gbóòórùn rẹ̀, ó mirí.
Mo da àgbo nù. Ìgò rẹ̀ wà lójú fèrèsé mi, òdòdó wà nínú rẹ̀.

Mo tún lọ sìnkú ní Birmingham,
mo gbàgbé páálí oògùn sórí fìríìjì, ó lé ní ọjọ́ méjì.
Mo fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ mì kí n lè lé e bá.
Bronwen ké lórí fóònù: rárá o,
ara yín ti gbàgbé rẹ̀;
ẹ óò tún fi wọ́n mọra, díẹ̀díẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ń pè ọ́. Wọn ò pè é re,
"Adi... Adigben..."
Ìwọ ni. Dá wọn lóhùn.
Ṣùgbọ́n kà á ná.